Ìkòkò Irin Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Ka Ìtàn Rẹ̀, àti Bí A Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Yẹ fún Oúnjẹ

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, a máa ń rí ìkòkò irin dúdú kan tí kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí ó dé. Ìyá àgbà ló fi sílẹ̀ fún ìyá, ìyá ló fi sílẹ̀ fún ọmọ. Òmíràn ṣì wà lórí ààrò títí di òní. Òmíràn ń gba omi òjò lẹ́yìn ilé. Òmíràn ti di ibi tí adìyẹ ń yé ẹyin sí. Lóde òní, àwọn tí ń ra àlòkù irin a máa wọ agbo ilé lọ, wọn a gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, wọn a san owó kékeré, ìkòkò a sì lọ títí láé. Ní ọwọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ìkòkò ìyá wọn àgbà. Wọ́n ń ha ìpatà ara rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń dáná nínú rẹ̀ láì bèèrè ohun tí a ti fi ṣe rí. Ẹni tó ta ìkòkò láì mọ ohun tí òun ń tà, àti ẹni tó fi í se oúnjẹ láì mọ ibi tí ó ti wá, ohun kan náà ló ṣe wọ́n: wọn kò mọ bí a ṣe ń ka ìkòkò. Ohun tí a fẹ́ gbìyànjú níhìn-ín nìyẹn, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ka ìkòkò irin bí a ṣe ń ka ìwé ìtàn.

Irin tí a rọ àti irin tí a dà

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ tí kò mọ irin kí Òyìnbó tó dé. Ògún kò ní jẹ́ òrìṣà ńlá láàárín wa bí alágbẹ̀dẹ kò bá ti wà tipẹ́tipẹ́. Ní Bassar, ní orílẹ̀-èdè Togo tí ó múlé tì wá, àwọn ènìyàn ń yọ irin nínú òkúta fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òkìtì ìdàrọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rí iléru tí ń ṣiṣẹ́ lójú ara rẹ̀, ó sì tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní ọdún 1904.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí iléru yìí ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe. Ooru rẹ̀ tó láti fa irin jáde nínú òkúta. Kò tó láti sọ irin náà di omi. Irin tí kò ní àdàlù kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 1,538 ní òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí ń jáde nínú iléru baba wa jẹ́ ìṣù irin líle tí ihò wà lára rẹ̀ bíi kànrìnkàn, tí ìdàrọ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Alágbẹ̀dẹ ni yóò tún fi iná àti ẹwìrì mú un gbóná, tí yóò fi owú lù ú títí tí ìdàrọ́ yóò fi jáde, tí yóò sì fi rọ ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ àti orí ọfà. Irin rírọ nìyẹn. Ó lè tẹ̀, ó lè nà, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀ láti fi í ṣe ìkòkò ńlá tí ikùn rẹ̀ yí po.

Irin dídà, èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní *fonte*, ọ̀tọ̀ ni. Bí irin bá gba èròjà èédú sínú dáadáa, nǹkan bí ìdá 2 sí 4 nínú 100, ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 1,150 sí 1,200, a sì lè dà á sínú ohun tí a fi yanrìn mọ bí a ṣe ń da omi sínú igbá. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ iṣẹ́ yìí ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Yúróòpù, ìgbà tí Sànmánì Agbedeméjì ń parí lọ ni iléru gíga tí ń sọ irin di omi tó tàn kálẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ọgbọ́n ló wọ́n àwọn baba wa. Àwọn tó da ère idẹ ní Ifẹ̀ àti ní Ìbíní mọ dídà irú ohun bẹ́ẹ̀ dé ògógóró. Yàtọ̀ sí èyí, ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin ń mọ ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ilé ìdáná ń fẹ́: ìṣaasùn fún ọbẹ̀, àmù fún omi, agbada fún dídín nǹkan. Èyí fún wa ní òfin àkọ́kọ́ nípa kíka ìkòkò: bí ìkòkò irin dídà àtijọ́ bá wà nílé wa, òkun ló gbé e wá. Ọmọ ìrìn-àjò ni.

Ọ̀nà tí ó gbà dé

Ní ọdún 1707, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí òun ń gbà fi yanrìn da ìkòkò irin, kí ó lè fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, kí owó rẹ̀ sì dínkù. Ní ọdún 1709, ní Coalbrookdale, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo èédú inú ilẹ̀ tí a ti sun dípò èédú igi nínú iléru rẹ̀. Àwọn òpìtàn ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ ìyípadà ńlá tó sọ Gẹ̀ẹ́sì di ilẹ̀ ilé-iṣẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ sì wà nínú ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1759, a dá ilé-iṣẹ́ Carron sílẹ̀ nítòsí Falkirk ní Scotland. Ilé-iṣẹ́ kan náà yìí ń da ìkòkò, ó sì ń da ìbọn àgbá fún ọkọ̀ ojú omi. Falkirk di ibi tí ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ń lọ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Baptiste André Godin kọ́ ilé-iṣẹ́ irin dídà rẹ̀ sí Guise ní ọgọ́rùn-ún ọdún 19, ó sì ń ṣe sítóòfù àti ohun-èlò ìdáná.

Ní etíkun wa, ní Ouidah, irin àti ohun-èlò irin wà lára ẹrù tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù fi ń ra ènìyàn. Ọ̀pá irin, àwo idẹ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ìbọn, ẹtù, owó ẹyọ, tábà: gbogbo wọn ni a kó sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ọmọ ènìyàn. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa nígbà tí a bá ń yin ẹwà ohun àtijọ́. Nígbà tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, òwò epo pupa gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1841, ilé òwò Victor Régis ti Marseille fìdí múlẹ̀ nínú ilé ìṣọ́ àwọn Faransé ní Ouidah, kí ó lè máa ra epo pupa fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là ní Yúróòpù. Epo ń lọ, ẹrù ilé-iṣẹ́ ń bọ̀.

Láti etíkun dé Ṣábẹ̀ẹ́, orí ènìyàn ló kọ́kọ́ ń ru ẹrù. Ẹ wo bí ìkòkò irin ṣe wúwo, kí ẹ sì fojú inú wo ẹni tí yóò rù ú gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn Faransé la ojú irin láti Kutọnu gba àárín ilẹ̀ wá, tí rélùwéè sì dé Ṣábẹ̀ẹ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹrù wíwúwo rí ọ̀nà tó rọrùn. Ìlú wa sì jẹ́ òpin ọ̀nà yìí fún ọdún púpọ̀ kí ojú irin tó tún tẹ̀síwájú dé Parakou láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ẹni tó bá ń bèèrè ìgbà tí ìkòkò ńlá rọrùn láti rí ní ìlú wa, kí ó kọ́kọ́ wo ibùdókọ̀ rélùwéè.

Ìkòkò Ògún ní òkè òkun

Ìkòkò yìí kan náà pàdé àwọn ènìyàn wa ní ìhà kejì òkun. Ní Kúbà, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ, tí a ń pè ní Lukumí, inú ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ń kó ohun-èlò Ògún sí: ọkọ́ kékeré, àdá, owú, ẹ̀wọ̀n àti ìṣó. Ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì náà *caldero* ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò tí ilé-iṣẹ́ Òyìnbó dà fún ilé ìdáná di ojúbọ òrìṣà alágbẹ̀dẹ. Ohun tó kọ́ wa ni pé iṣẹ́ tí a dà ìkòkò fún àti iṣẹ́ tí ó wá ṣe lè yàtọ̀ síra pátápátá. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ẹni tó bá gbé ìkòkò àtijọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè: kí ni a dà á fún? Kí ni a ti fi í ṣe láti ìgbà náà?

Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè kìíní

Ojú, ọwọ́ àti etí tó fún èyí. Ẹ kọ́kọ́ gbé òkúta mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Bí kò bá fà á, kì í ṣe irin dídà. Ó lè jẹ́ idẹ tàbí alumíníọ́mù. Bí ó bá fà á, ẹ wo ara rẹ̀. Ohun tí a fi owú lù máa ń ní àpá owú, etí rẹ̀ sì lè jẹ́ èyí tí a fi ìṣó kàn mọ́ ọn. Irin dídà nípọn, etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú ikùn rẹ̀, a sì sábà máa ń rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, níbi tí apá méjì yanrìn ìdàrin ti pàdé. Níbi tí ó bá ti fọ́, inú rẹ̀ máa ń dàbí iyọ̀ aláwọ̀ eérú. Irin rírọ a máa tẹ̀. Irin dídà a máa fọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Àpá tó yọ síta níbẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí irin yíyọ́ gbà wọlé. Nínú iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àpá ìdí yìí wọ́pọ̀ títí di apá ìkẹyìn ọgọ́rùn-ún ọdún 19; lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da irin gba ẹ̀gbẹ́, tí ìdí ìkòkò wá ń dán. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró fúnra rẹ̀, nítorí àwọn kan kò yí ọ̀nà wọn padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹlẹ́rìí tó yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀.

Ìrísí ìdí ń sọ irú iná tí a dà á fún. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gùn jẹ́ ti iná ilẹ̀ gbalaja, níbi tí kò ti sí ààrò. Ìdí tó yí po láìní ẹsẹ̀ jókòó dáadáa lórí ààrò mẹ́ta wa. Ìdí pẹrẹsẹ jẹ́ ti sítóòfù irin inú ilé Òyìnbó, tàbí ti ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́ amúnisìn. Àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò jinlẹ̀, agbada ni, èyí tí a fi ń dín àkàrà, tí a sì fi ń yan gààrì, iṣẹ́ tí àwọn aládùúgbò wa ní Savalou gbajúmọ̀ fún. Nọ́ńbà ara ìkòkò sábà máa ń sọ bí ó ti tóbi tó, kì í ṣe ọdún tí a dà á. Orúkọ tó bá wà lára rẹ̀, bí ó ti wù kí ó parẹ́ tó, ẹ fi ẹfun rá a, kí ẹ sì da lẹ́tà rẹ̀ kọ.

Ìbéèrè kejì: kí ni ó ti ṣe rí?

Ìbéèrè yìí ni ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Irin fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ohun tí ènìyàn fi ìkòkò ṣe ló lè sọ ọ́ di ewu. Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni òjé. Òjé ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 327, iná igi lásán sì tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ yọ́ òjé fún ọta ìbọn ìbílẹ̀ tàbí fún àwọ̀n ẹja kò fi wá ohun mìíràn ju ìkòkò irin àtijọ́ lọ. Irin dídà ní ihò wínníwínní tí ojú kò rí. Fífọ̀ kò lè dá a lójú ẹnikẹ́ni pé òjé ti tán níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ara tí a mọ̀ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jùlọ.

Ìtàn tó súnmọ́ wa fi hàn bí ohun-èlò oníṣẹ́ méjì ṣe ń pani. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, àwọn tí ń wa wúrà ń lọ òkúta tí òjé kún inú rẹ̀ láàárín agbo ilé, wọ́n sì ń lo ẹ̀rọ ìlọkà fún un. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ oúnjẹ kò dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ènìyàn ló yí iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Yàtọ̀ sí òjé, a ti fi ìkòkò irin se aró, a ti fi se ọṣẹ dúdú, a ti fi yọ́ ọ̀dà, a ti fi gba epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà eléérú, tí èékánná lè ha; ẹ gbóòórùn rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná díẹ̀ ní ìta gbangba; ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Ìyá tó mọ ìkòkò ń mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí baba ilé bá jẹ́ ọdẹ tàbí apẹja, kí a bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ìkòkò tí ìtàn rẹ̀ ṣókùnkùn tí iyèméjì sì wà lórí rẹ̀, a kò ní fi se oúnjẹ, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ìkòkò irin tí a fi tánńganran aláwọ̀ bò nínú tún ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀dà àtijọ́ kan ní òjé tàbí kadmium nínú. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣí, tí ó ń bó, kí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìdáná parí.

Ẹ má sì ṣe rò pé ìkòkò tuntun ló sàn dandan. Ìkòkò alumíníọ́mù tí a ń dà ládùúgbò láti inú àlòkù ẹ́ńjìnnì àti àkúfọ́ oríṣiríṣi kún ọjà wa. Ní ọdún 2014, ìwádìí kan jáde lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ó sì bá òjé nínú wọn. Ní ọdún 2017, òmíràn yẹ ohun-èlò ìdáná 42 láti orílẹ̀-èdè 10 wò. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ tí òjé tí ń jáde lára wọn tó ohun tí a ń bẹ̀rù. Ìkòkò irin ìyá àgbà tí a mọ ìtàn rẹ̀ lè sàn ju èyí tí a rà lánàá lọ.

Irin inú ìkòkò àti ẹ̀jẹ̀ inú ara

A máa ń gbọ́ pé ìkòkò irin ń fún ni lẹ́jẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ìwádìí tí a ṣe ní Etiópíà, tí ó jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí a fi ìkòkò irin se oúnjẹ wọn sàn ju ti àwọn tí a lo alumíníọ́mù fún lọ. Ní Benin níhìn-ín, ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2008, kò sì fi hàn pé ìkòkò irin nìkan tó láti wo àìtó ẹ̀jẹ̀ sàn. Nítorí náà, kí a má fi ìkòkò rọ́pò oògùn tí dókítà kọ. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí a máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, lè ti ní irin púpọ̀ jù lára. Kí wọ́n bi dókítà wọn kí wọ́n tó máa jẹun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń dá ìkòkò padà sí ẹnu iṣẹ́

Ìkòkò tó bá yege, kí a fi igi kékeré lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dún bí agogo, ara rẹ̀ pé. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ wá ibi tí ó ti sán, nítorí ìkòkò tó sán lè fọ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná nínú. Ìpatà kì í ṣe májèlé: kí a fi yanrìn àti kànrìnkàn ha á dé ibi irin, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì gbẹ ẹ́ lórí iná lójú ẹsẹ̀. Kí a wá fi òróró díẹ̀ pa á nínú àti lóde, kí a nù ún títí yóò fi kù fẹ́ẹ́rẹ́, kí a sì gbé e sórí iná títí èéfín rẹ̀ yóò fi tán. Kí a ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òróró náà yóò gan mọ́ ọn, yóò di awọ dúdú tí ń dáàbò bò ó. Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìlànà yìí gan-an ni. Kí a má ṣe da omi tútù sínú rẹ̀ nígbà tí ó gbóná, kí a má sì jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì tàbí ohun kíkan sùn nínú rẹ̀, nítorí yóò mú adùn irin jáde.

Ìkòkò tí kò yege ńkọ́? Kò yẹ kí ó di ti oníṣòwò àlòkù irin nítorí èyí. Kí a fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé kì í ṣe fún oúnjẹ, kí ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà, kí a sì fi í pamọ́. Èyí tó jẹ́ ti ojúbọ, àwọn tó ni ín nìkan ló lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á.

A rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti ṣe ohun kan kí ìkòkò kankan tó kúrò nínú ilé: kí wọ́n ya àwòrán ìdí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wọn ẹnu rẹ̀, kí wọ́n da orúkọ ara rẹ̀ kọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé bá sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní Faransé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe èyí ní ìgbà ìsinmi wọn. Àwọn tó mọ ẹni tó ra ìkòkò náà àti ohun tí a fi ṣe kò pọ̀ mọ́ láàárín wa, irin a sì máa pẹ́ láyé ju ènìyàn lọ. Bí a kò bá bi wọ́n léèrè nísinsìnyí, ìkòkò yóò kù, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ fún ọmọ wa bóyá kí ó jẹun nínú rẹ̀ tàbí kí ó sá fún un.